Ojú Irin Etílé: Àyẹ̀wò Àwọn Orúkọ Kan Nínú Iṣẹ́ Rélùwéè Ìlú Ńlá

Ojú irin kankan kò gba Kàbà kọjá. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi ọkọ̀ ojú irin han àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ilẹ̀ Okun, ìbáà ṣe ní Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú tàbí Ọ̀wọ̀rọ̀, àfi kí ó kó wọn lọ sí Itakpe lẹ́bàá Òkènè, níbi tí ojú irin tí ó lọ sí Wàrì ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1987 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin yìí, ṣùgbọ́n ó di 2020 kí a tó ṣí i ní gbangba. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 326. Ohun tí a torí rẹ̀ là á ni kí ó lè máa kó òkúta tí a ń yọ irin nínú rẹ̀ láti Itakpe lọ sí ilé-iṣẹ́ irin ní Ajaokuta àti ní Aladja. Ọmọ tí ó bá ti rí ti Itakpe, tí a wá sọ fún un pé ọkọ̀ ojú irin kan wà ní Èkó tí òṣìṣẹ́ ń wọ̀ lọ láàárọ̀ tí ó sì ń wọ̀ padà sílé ní ìrọ̀lẹ́, yóò rò pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì. Kò jẹ̀bi. Orúkọ kan ṣoṣo ni a fún wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ògbufọ̀ lè bi wá pé kí ni ó kan ará Kàbà nínú rélùwéè Èkó. Ó kàn án púpọ̀. Ọmọ tí ó wà ní kíláàsì wa lónìí lè di ará Agbádo tàbí Orílé lọ́la, orúkọ tí a bá sì kọ́ ọ ni yóò gbé lọ.

Oríṣi iṣẹ́ méjì ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀. Ìlà Búlúù lọ láti Mile 2 dé Marina, kìlómítà 13, ibùdó márùn-ún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2023. Ìlà Pupa lọ láti Agbádo dé Òyìngbò, kìlómítà 27, ibùdó mẹ́jọ. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 2024 ni tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Iná mànàmáná ni ó ń wa ọkọ̀ ti àkọ́kọ́, epo dísù ni ó ń wa ti èkejì. Lateef Jákàńdè ti dáwọ́ lé irú rẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun sì fagi lé e ní 1985. Ogójì ọdún ni a fi dúró láti 1983 sí 2023, síbẹ̀ a kò lo àkókò náà láti wá orúkọ sílẹ̀ dè é.

Àwọn kan ń pè é ní ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú. Èyí kò tọ̀nà, nítorí Agbádo wà ní ẹnu ààlà Èkó àti Ògùn, kì í ṣe àárín ìlú rárá. Àwọn mìíràn ní kí a pè é ní ti ìgbèríko. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń dáko ni ìgbèríko; àwọn tí ń gbé Agbádo àti Ijù kì í ṣe àgbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ìlú ni wọ́n ti ń jẹ.

Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín oko etílé àti oko egàn. Oko etílé ni èyí tí a ń jí lọ tí a sì ń ti ibẹ̀ bọ̀ wá sùn nílé. Oko egàn ni ti ẹni tí ó di ẹrù, tí ó gbé ìkòkò dání, tí ó sì pa ahéré síbẹ̀, nítorí pé ó di ọjọ́ mélòó kan kí ó tó padà. Kì í ṣe gígùn ọ̀nà nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ibi tí a ń sùn ni. Ohun tí ó sì ya ọkọ̀ Agbádo sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ Wàrì gan-an nìyí. Nítorí náà mo dábàá ojú irin etílé fún ọ̀nà rẹ̀, àti ọkọ̀ ojú irin etílé fún ọkọ̀ tí ń rìn lórí rẹ̀. Fún ti Itakpe, ojú irin ọ̀nà jíjìn ti tó. N kò ní fẹ́ kí a pè é ní ti egàn, nítorí igbó ni egàn, ìlú sì ni Wàrì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ Èkó kò bá tilẹ̀ mọ oko, etí àti ilé kò ṣàjèjì sí i. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí láti 1970, ti fi hàn wá pé ọmọ lè fi èdè Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì, bí ọ̀rọ̀ tí a lò bá ní gbòǹgbò nínú ohun tí ó mọ̀.

Èyí tí ó wúwo jù lọ́kàn mi ni irin tí ń gbé iná fún ọkọ̀ Ìlà Búlúù. Yàtọ̀ sí irin méjì tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí lórí wọn, irin mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí agbára iná inú rẹ̀ jẹ́ fóòtì 750. Iná inú ilé wa kò ju bí 230 lọ. Irin náà kò pọ́n, kò rú èéfín, kò dún. Kò sí ohun tí ojú lè rí tí yóò sọ fún ènìyàn pé ikú wà níbẹ̀. Àwọn tí ó ń túmọ̀ sì ń pè é ní irin kẹta.

Mo ní ẹ̀sùn méjì sí orúkọ yìí. Èkíní, òǹkà ni, kì í ṣe ìkìlọ̀, òǹkà náà kò sì dúró. Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ oníná ti bẹ̀rẹ̀ ní 1890, irin mẹ́rin ni wọ́n ń lò lónìí, méjì nínú wọn ni ó sì jẹ́ ti iná. Ní àwọn ilẹ̀ tí ọkọ̀ onírúurú ìbú ti ń rìn lójú ọ̀nà kan náà, bí ìbú mílímítà 1,067 tí àwọn òyìnbó kọ́kọ́ là fún wa àti 1,435 ti òde òní, irin kẹta tí a fi kún un kò ní iná kankan nínú. Èkejì, àwọn ènìyàn wa kò bẹ̀rù ojú irin. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi pàtẹ ọjà lórí rẹ̀ ní Òṣòdì, tí wọ́n sì ń jókòó sórí òrùlé ọkọ̀ tí ń ti Ìddó lọ sí Ìjòkò. Ẹni tí ó ti bá irin méjì ṣe ọ̀rẹ́, kí ni yóò bẹ̀rù lára ẹ̀kẹta?

Irin agbéná ni mo dábàá. Àwọn onígírámà lè ta kò mí pé nígbà tí a bá wí pé iná gbé ènìyàn, iná ni olùṣe, ṣùgbọ́n nínú agbéná, irin ni ó ń gbé iná. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ gbé àti iná pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan yóò fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí ó tó ronú nípa olùṣe.

Ibi tí títì ti ré ojú irin kọjá náà nílò àtúnṣe. A ń pè é ní oríta, bẹ́ẹ̀ ní oríta olúkúlùkù lè dúró kí èkejì kọjá, ọkọ̀ ojú irin kò sì lè dúró lójijì. Ènìyàn mẹ́fà ni ó kú ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta 2023 nígbà tí ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ìjọba kọlu ara wọn ní Ṣógunlé ní Èkó. Ìdábùú ojú irin sàn jù. Ó fi hàn pé títì ni ó dábùú ọ̀nà ẹlòmíràn.

Ó ku irin kékeré tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀, tí ó ń rá mọ́ irin agbéná láti gba iná. Bàtà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ kan yóò rò pé bí òun bá wọ bàtà, òun lè tẹ irin náà. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìfaná.