Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgbádárìgì: Àjàyí Crowther Há Síbẹ̀, Kò Mọ̀ Pé Ìyá Òun Wà Láàyè!

Bí ẹ bá rìn dé Marina ní Àgbádárìgì, níbi tí ìlú ti kọjú sí ọ̀sà, ẹ ó rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí páànù bò lórí. Ẹni tó bá ti Èkó wá, tí ilé alájà mẹ́wàá ti mọ́ lójú, lè sọ pé, "Èyí náà nìkan ni?" Òun náà ni o! Òun ni wọ́n ń pè ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Wọ́n ní ọdún 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́dún 1845. Àwọn oníwàásù C.M.S. ló ni ín.

Ọ̀pọ̀ àlejò tó ń lọ ya fọ́tò níbẹ̀ kò mọ̀ pé Àgbádárìgì kọ́ ni àwọn oníwàásù yìí ń lọ. Abẹ́òkúta ni. Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá, ti gba Henry Townsend tọwọ́tẹsẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀ lọ́dún 1843. Ìgbà tí Townsend, Gollmer àti Àjàyí Crowther wá gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kìíní 1845, tẹrùtẹrù, ìròyìn tó pàdé wọn ni pé Ṣódẹkẹ́ ti kú. Ta ni yóò wá pè wọ́n wọ̀lú? Ogun tún dí ọ̀nà. Lọ́dún yẹn kan náà ni Kòsọ́kọ́ lé Akíntóyè kúrò lórí oyè l'Ékòó, ni gbogbo etí òkun bá dàrú.

Oṣù méjìdínlógún ni wọ́n fi jókòó. Wọn ò kúkú káwọ́ gbera, wọ́n ń wàásù, wọ́n sì ń kọ́ ọmọ níwèé.

Ibi tọ́rọ̀ ti dùn ún gbọ́ rèé, ó sì dunni. Ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoògùn, òun, ìyá rẹ̀ àtàwọn àbúrò rẹ̀. Ọmọ bí ọdún mẹ́tàlá ni. Wọ́n tà á látọwọ́ dọ́wọ́ títí dé Èkó, wọ́n jù ú sínú ọkọ̀ àwọn Potogí, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lójú òkun lọ́dún 1822, tí wọ́n gbé e lọ sí Fìrítáùn. Látìgbà náà, kò gbúròó ìyá rẹ̀ mọ́. Gbogbo oṣù tó fi ń wo ọ̀sà l'Ágbádárìgì yẹn, ìyá náà wà láàyè, nítòsí Abẹ́òkúta níbi tí wọn ò jẹ́ kó lọ.

Ìparí oṣù keje 1846 ni ọ̀nà tó là. Nínú òjò ni wọ́n rìn ín. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ, ìyá wá bá a. Wọn ò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń wo ara wọn, omi ń dà lójú wọn. Ìyá dì í mú, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń fi àwọn orúkọ tí ìyá àgbà fi máa ń pè é ní kékeré pè é. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá!

Lọ́dún 1848 ìyá náà ṣe ìrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah. Gollmer ní tirẹ̀ kò tẹ̀ lé wọn lọ. Òun ló dúró ti iṣẹ́ l'Ágbádárìgì títí tó fi kó lọ sí Èkó lọ́dún 1852.