Dátà Wo Ni Ìṣirò Yìí Ń Lò?

Ìṣirò tí a fi pamọ́ sínú DHIS2 kì í gbé ìdáhùn dání. Ọ̀nà tí wọn yóò gbà ṣírò rẹ̀ ló wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà a sì tún un ṣírò nígbàkúùgbà tí ẹnìkan bá ṣí i. DHIS2, ètò kọ̀ǹpútà tí Yunifásítì Oslo ń bójú tó, ni Nàìjíríà ń kó iye iṣẹ́ àwọn ilé ìwòsàn sí. Ní Gbọ̀ngán, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ayédáadé, gẹ́gẹ́ bó ti rí ní Ìkirè àti Apòmù, rẹ́jísítà ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀: nọ́ọ̀sì á ro iye aboyún pọ̀ sínú fọ́ọ̀mù oṣù, fọ́ọ̀mù á dé ìjọba ìbílẹ̀, wọn á sì tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà.

Ohun kọ̀ọ̀kan tí fọ́ọ̀mù ń bèèrè ní kóòdù tirẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 11. Nínú dátà ìdánrawò tí wọ́n fi orúkọ Sierra Leone ṣe, fbfJHSPpUQD ni aboyún tó wá fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Kóòdù yìí ni ìṣirò ń pè, kì í ṣe orúkọ. Nínú ìṣirò ìdá aboyún tó wá fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́, òun ló wà lókè, iye oyún tí wọ́n ń retí wà nísàlẹ̀, ẹ̀rọ á wá fi ìsàlẹ̀ pín òkè. Bí àmì ìdúró àti kóòdù kejì bá tẹ̀ lé e, apá kan péré ni ìṣirò ń mú, bí àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò nínú ilé ìwòsàn láìka ti ìta.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìṣirò tó ń lo ohun kan kò gbọdọ̀ wá a lórúkọ. Orúkọ ṣeé yí padà. Kóòdù ni kó wá:

/api/indicators?filter=numerator:like:fbfJHSPpUQD&paging=false

Láìsí paging=false, 50 àkọ́kọ́ nìkan ni yóò jáde. Lẹ́yìn náà, kó fi denominator, ìyẹn apá ìsàlẹ̀, rọ́pò numerator, ìyẹn apá òkè. Apá ìsàlẹ̀ yìí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni iye ènìyàn wà, ìfojúbù lásán ní Nàìjíríà, nítorí 2006 ni ìkànìyàn tó kẹ́yìn wáyé. Ìṣirò tó bá jáde tún ní àwọn àwòrán tó ń lò ó. Ó gbọ́dọ̀ wá ìyẹn náà.

Fọ́ọ̀mù ìlera Nàìjíríà yí padà ní 2013 àti 2019. Bí ìbéèrè tuntun bá gba kóòdù tuntun, ti àtijọ́ ni ìṣirò yóò ṣì máa pè, ìlà orí àwòrán á sì já wálẹ̀ láìjẹ́ pé aboyún kankan dẹ́kun wíwá. DHIS2 kì í jẹ́ kí wọ́n pa ohun tó ti gba dátà rẹ́, ṣùgbọ́n kì í kìlọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń fi dátà sí i mọ́. Kí aláṣẹ tó bá rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ yẹ kóòdù inú ìṣirò wò kó tó dá nọ́ọ̀sì lẹ́bi.