Ìyà Tó Bá Aboyún, Ó Bá Ọmọ Inú Rẹ̀

Nígbà tí ìjọba ti bodè pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, aboyún kan wá sí dísípẹ́ńsárì wa ní Ayétòrò. Ìrẹsì ni ó ń tà. Owó ọjà rẹ̀ sì ti há sí òdìkejì Ìdí-Ìrókò. Ó ní òun kì í rí oorun sùn, gàárì ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni oúnjẹ òun. Ọkọ rẹ̀ dá sí i pé, “Nọ́ọ̀sì, ẹ má dá a lóhùn jàre. Oyún kì í ṣe àìsàn.”

Òótọ́ ni baálé náà sọ. Ṣùgbọ́n àìsàn tí ọmọ yóò ṣe ní ẹni ogójì ọdún lè ti inú oyún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo kíndìnrín. Bí asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì ni. Àìmọye asẹ́ kéékèèké ló wà nínú rẹ̀ tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa. Inú oyún ni wọ́n ti ń dá. Bí oyún bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ 36, iṣẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, a kò sì ní rí òmíràn kún un títí ayé. Bí oúnjẹ kò bá tó, ọpọlọ ni ara ọmọ ń kọ́kọ́ dáàbò bò, kíndìnrín a sì jìyà. Ọmọ tí asẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ yóò dàgbà, yóò sanra, àwọn díẹ̀ náà ni yóò sì máa ṣe gbogbo iṣẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru ti lè wọlé.

Ìrònú ńkọ́? Bí ọkàn obìnrin kò bá balẹ̀, ara rẹ̀ a máa tú èròjà kan tí à ń pè ní kọ́tísọ́ọ̀lù sínú ẹ̀jẹ̀. Ibi ọmọ ni aṣọ́bodè níbẹ̀. Ó ń pa púpọ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó kan ọmọ. Bí ìrònú bá pọ̀ tí ó sì pẹ́, agbára aṣọ́bodè yìí lè dín kù.

Ẹ̀rí kan wà ní ilẹ̀ wa. Nígbà ogun abẹ́lé tó parí ní oṣù kìíní ọdún 1970, ebi pa àwọn ará Biafra gidigidi. Ní ọdún 2009, àwọn olùwádìí yẹ ènìyàn 1,339 wò ní Enugu, àwọn tí a bí ṣáájú ebi náà, nígbà rẹ̀, àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó ga àti ìsanrajù pọ̀ lára àwọn tí ebi bá nínú oyún tàbí ní ọmọ ọwọ́ ju àwọn tí a bí lẹ́yìn ogun lọ. Nǹkan bí ẹni ogójì ọdún péré ni wọ́n nígbà náà! Kì í ṣe gbogbo wọn ló ṣàìsàn o.

Bí ọmọ bá sì ti dé, ọwọ́ kò tíì bọ́. Ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, gbígbé mọ́ra, rírẹ ọmọ lẹ́kún, gbogbo rẹ̀ ń ran ara ọmọ lọ́wọ́. Ìyá àgbà tó mọ ọmọ pọ̀n a máa ṣe ju nọ́ọ̀sì lọ nígbà mìíràn.

Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti sọ fún pé ìyà jẹ òun nígbà oyún rẹ̀, kí ó jẹ́ kí a wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lọ́dọọdún. Kí ó má dúró de orí fífọ́.

Ní ti baálé yẹn, mo ní kí ó wá ẹ̀wà, ẹyin àti wàrà fún ìyàwó rẹ̀, kí ó gba ẹrù lórí rẹ̀, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ gbèsè sílẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ó fajú ro. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó tẹ̀lé e, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìyàwó rẹ̀ wá lórí ọ̀kadà, ó sì jókòó tì í títí ó fi kàn wọ́n.