Ìròyìn Èké àti Ìwé Ẹ̀tàn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn baba wa kì í gba iṣẹ́ tí a rán sí wọn láìwo ẹni tí ó jẹ́ ẹ. Bí ọba tàbí ìjòyè bá rán ikọ̀, a fi ọ̀pá tàbí àrokò lé e lọ́wọ́, kí ẹni tí a rán an sí lè mọ̀ pé òótọ́ ni ó ti ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ wá. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ń wọ inú fóònù wa lónìí kò ní ojú, kò sì mú ọ̀pá lọ́wọ́. Nítorí náà ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ bí a ti í wádìí rẹ̀, nítorí ohun tí olùkọ́ bá gbà gbọ́, ogójì ọmọ ni yóò gbé e relé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀ràn kékeré ni èyí. Ní ọjọ́ 20 oṣù July, 2014, àrùn Ebola wọ Èkó, ẹ̀rù sì ba gbogbo ènìyàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù August, ọ̀rọ̀ kan ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn, pé kí olúkúlùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu ún, kí àrùn náà má baà ràn án. Omi iyọ̀ kò lè dènà Ebola. Ṣùgbọ́n iyọ̀ púpọ̀ a máa ṣe ara ní ibi, pàápàá ara ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní ọjọ́ 15 oṣù August, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé, ó kéré tán, a gbọ́ pé ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Irọ́ ni ó pa àwọn wọ̀nyí, kì í ṣe àrùn.

Àmì mẹ́ta ni a fi ń mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èkíní, kò ní olówó: yóò ní dókítà kan wí báyìí, kò ní dárúkọ dókítà náà tàbí ilé ìwòsàn rẹ̀. Èkejì, a máa kánjú, nítorí ẹni tí a ń lé kì í ráyè ronú. Ẹ̀kẹta, a ní kí a fi òun ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, nígbà mìíràn pẹ̀lú èpè fún ẹni tí ó bá dá a dúró.

Ní ti íméèlì ẹ̀tàn, owó wa ni ó ń wá. Yóò ní báńkì ni ó kọ òun, àti pé a ó ti àkáǹtì wa pa bí a kò bá fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́. Tàbí pé a ti gbà wá sí iṣẹ́ olùkọ́, ó ku owó fọ́ọ̀mù. Ẹ jẹ́ kí a wo àdírẹ́sì tí ó tẹ̀lé àmì @, nítorí orúkọ kò ṣòro láti kọ. Síbẹ̀ a lè ṣe ayédèrú àdírẹ́sì pàápàá. Nítorí náà, kí a má tẹ líǹkì inú rẹ̀, kí a má sì pe nọ́ńbà tí ó kọ. Nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì ATM wa ni kí a pè, tàbí kí a rìn dé báńkì. Báńkì gidi kì í béèrè nọ́ńbà àṣírí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà ìwádìí kò jìnnà. Bí àwòrán kan bá wí pé Gbọ̀ngàn Mápó ń jó, kí ẹni tí ó wà ní Bẹẹrẹ gbójú sókè wo orí òkè; kí ẹni tí ó wà lókèèrè fi àwòrán náà wá inú Google, bóyá yóò rí i pé ilé ìlú mìíràn ni, tí ó ti jó tipẹ́. Bí ènìyàn márùn-ún láti Ọjà'ba dé Bẹyẹrúnká bá fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́, kí a bi wọ́n níbi tí wọ́n ti rí i. Bí ó bá jẹ́ orí fóònù ni gbogbo wọn ti rí i, ẹlẹ́rìí kan kò tíì sí. Àwọn ilé iṣẹ́ bí Africa Check àti Dubawa pẹ̀lú a máa yẹ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wò, wọn a sì kọ ohun tí wọ́n bá rí jáde.

Àwọn àgbà ní, òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Kí ọjà náà má ṣe tà ní kíláàsì wa. Bí ọmọ bá dé tí ó ní, “Wọ́n ní,” kí a bi í pé: ta ni ó wí bẹ́ẹ̀, ìgbà wo ni ó wí i, báwo ni ó sì ti ṣe mọ̀?