ÌLÒ Ẹ̀RỌ AYÁRA-BÍ-ÀṢÁ LÁTI ṢE ÀWÒṢE ÌFOJÚKOJÚ ATẸ́GÙN OÒRÙN ÀTI PÁPÁ ÒÒFÀ ILẸ̀-AYÉ

1.0 Ìfáàrà

Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹta, ọdún 1989, iná mànàmáná pa jákèjádò ìpínlẹ̀ Quebec ní orílẹ̀-èdè Kánádà láàrin nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 90. Nǹkan bí mílíọ̀nù 6 ènìyàn ni ó wà láìní iná fún wákàtí 9. Ọ̀dọ̀ oòrùn ni ohun tí ó fa ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ti wá. Nínú iṣẹ́ yìí, a óò ṣàlàyé bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń fi ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá ṣe ìṣirò irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀, a óò sì fi ibi tí agbára ìṣirò náà mọ hàn.

2.0 Atẹ́gùn Oòrùn àti Ààbò Ilẹ̀-ayé

Atẹ́gùn oòrùn kì í ṣe irú afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú. Èérún tíntìntín, ìyẹn prótọ́ọ̀nù àti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ni oòrùn ń tú jáde láìdáwọ́dúró, tí wọ́n sì ń gbé òòfà oòrùn dání bí wọ́n ti ń lọ. Ní ọdún 1958, Eugene Parker fi ìṣirò hàn pé irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Eré rẹ̀ sábà máa ń tó kìlómítà 400 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà, ó ń gbà tó ọjọ́ 4 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Pápá òòfà ilẹ̀-ayé ni ó ń dá a dúró. Ní ìhà ojú oòrùn, ààlà tí agbára àwọn méjèèjì ti dọ́gba wà ní nǹkan bí kìlómítà 64,000 sí àárín gbùngbùn ilẹ̀-ayé. Ní ìhà òru, atẹ́gùn náà a máa fa pápá yìí gùn bí ìrù. Bí a bá jìnnà sí ilẹ̀-ayé ní ìlọ́po 2, pápá náà yóò di ìdá kan nínú 8, agbára tí ó fi ń ti atẹ́gùn sẹ́yìn yóò sì di ìdá kan nínú 64. Èyí ni pé kí ààlà náà tó lè sún mọ́ wa dé ìdajì, agbára atẹ́gùn gbọ́dọ̀ di ìlọ́po 64.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe ìṣirò yìí nínú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Bí òòfà inú atẹ́gùn bá kọjú sí àríwá, ìdààmú kì í sábà pọ̀. Bí ó bá kọjú sí gúúsù, ó lòdì sí òòfà ilẹ̀-ayé ní ààlà náà. Okùn òòfà méjèèjì yóò já, wọn yóò sì tún ara wọn so lọ́nà mìíràn. Nípa bẹ́ẹ̀ ni agbára atẹ́gùn ṣe ń wọlé. Iná mànàmáná yóò máa ṣàn ní òkè òfurufú, pápá òòfà orí ilẹ̀ yóò máa mì, ìmìtìtì yìí yóò sì ti iná àjèjì wọ inú àwọn wáyà gígùn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Quebec nìyẹn.

3.0 Bí a Ṣe Ń Ṣe Àwòṣe Náà

Àwòṣe, bí a ṣe lò ó níhìn-ín, ni ìṣirò tí ó ń ṣe bí ohun gidi ti ń ṣe. Nítorí pé èérún náà pọ̀ ju kí a máa tẹ̀lé wọn níkọ̀ọ̀kan lọ, a kà wọ́n sí ohun tí ń ṣàn bí omi, a sì pa òfin ìṣàn pọ̀ mọ́ òfin òòfà. Hannes Alfvén, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1970, ni aṣíwájú ìmọ̀ yìí.

Lẹ́yìn èyí, a óò ta àwọ̀n ìṣirò sí ojú òfurufú. Bí apẹja ti í lo àwọ̀n olójú kéékèèké níbi tí ẹja wẹ́wẹ́ wà, bẹ́ẹ̀ ni ojú àwọ̀n yìí ń kéré nítòsí ilẹ̀-ayé, tí ó sì ń fẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn. Nínú ojú kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ yóò ṣírò iye èérún, eré wọn, ìgbóná wọn àti òòfà tí ó wà níbẹ̀. Yóò wo ohun tí ó ṣàn bọ́ sínú ojú kejì, yóò sún àkókò síwájú díẹ̀, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀.

Àpẹẹrẹ gidi ni àwòṣe tí Yunifásítì Michigan ṣe, tí àjọ NOAA ti ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí lò fún ìkìlọ̀ ní ọdún 2016. Ó pín sí ọ̀nà mẹ́ta: ọ̀kan fún òfurufú gbòòrò, ọ̀kan fún òrùka èérún gbígbóná tí ó yí ayé ká, ọ̀kan fún iná òkè òfurufú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń fún ara wọn ní èsì.

4.0 Ibi tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Ohun tí a bá gbìn ni a ó ká. Sátẹ́láìtì tí ó ń wọn atẹ́gùn fún àwòṣe yìí wà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 1.5 kìlómítà sí ilẹ̀-ayé. Bí eré atẹ́gùn bá jẹ́ kìlómítà 400 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wákàtí kan péré ni a ní. Bí ó bá di 800, ìdajì wákàtí ni. Ṣáájú ìgbà náà, a lè rí ìbúgbàù lójú oòrùn, ṣùgbọ́n ó ṣòro púpọ̀ láti mọ ibi tí òòfà inú rẹ̀ kọjú sí.

Ní ọjọ́ 9, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024, NOAA kìlọ̀ pé ìjì òòfà ipele 4 nínú 5 ń bọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ìjì náà dé ipele 5, èyí tí a kò rí irú rẹ̀ láti ọdún 2003. Ìkìlọ̀ náà wúlò, ṣùgbọ́n kò sọ bí ìjì náà yóò ti le tó ní pàtó.

Àléébù kejì ni pé níbi tí okùn òòfà ti ń já, èérún kì í ṣe bí omi mọ́. Ìṣirò ìṣàn nìkan kò lè ṣàlàyé ibẹ̀ dáadáa.

5.0 Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé àwòṣe kì í ṣe àwòrán òfurufú, kì í sì í ṣe iṣẹ́ aríran. Ìṣirò ni, ó sì gbára lé ohun tí a wọ̀n àti ohun tí a gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ bá gbé èsì ẹ̀rọ kalẹ̀ nínú kíláàsì, ó yẹ kí ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti bi í ní ìbéèrè méjì: kí ni a fi sínú rẹ̀, kí sì ni a yọ sílẹ̀? Ìdáhùn sí méjèèjì ni yóò fi hàn bí a ti lè gbẹ́kẹ̀ lé èsì náà tó.