Àkọ́rọ̀ Òjò àti Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé ní Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó

Bí àwọn ará ìlú òyìnbó bá ń sọ̀rọ̀ àsìkò ìgbìn, ìgbà tí òtútù bá káṣẹ̀ ńlẹ̀ ni wọ́n ń wí. Ní tiwa, òjò ni à ń wò. Ní Ọ̀rẹ̀, tí í ṣe olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó, àti ní Odígbó fúnra rẹ̀ ní ojú ọ̀nà Oǹdó, òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, a dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, a tún padà wá, kí ó tó lọ ní oṣù kọkànlá. Èyí tó kọ́kọ́ rọ̀ ni àwọn baba wa ń pè ní àkọ́rọ̀. Èyí tó ń rọ̀ lọ sílé ni àrọ̀kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kò ní pẹ́ tú àwọn méjèèjì palẹ̀. Ẹ má kàn fi àkùrọ̀ kún wọn, nítorí ilẹ̀ olómi tí a ń dá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn.

Kòkó ló gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ oko wa. Bó bá sì fi máa di oṣù kẹta, owó kòkó ti tán lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, ẹ̀fọ́ sì ti gbówó lórí lọ́jà. Ẹ̀yìnkùlé ni ọbẹ̀ ti ń wá nígbà náà. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá fi irúgbìn ṣòfò fi ń kábàámọ̀ gidigidi.

Ohun tó sì ń fi irúgbìn ṣòfò jù ni òjò ẹlẹ́tàn. Òjò kan yóò rọ̀ ní ìparí oṣù kejì, ilẹ̀ yóò máa ta sánsán, gbogbo ènìyàn yóò gbé ọkọ́. Lẹ́yìn èyí ni oòrùn yóò wá ràn fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Irúgbìn tó ti hù yóò gbẹ, kò sì sí bí a ti lè tún un hù. Ìyá mi kì í wo kàlẹ́ńdà ní tirẹ̀. Yóò fi ọ̀bẹ gbẹ́ ilẹ̀. Bí ọ̀rinrin kò bá tíì wọlẹ̀ tó ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan, a ní ilẹ̀ kò tíì mumi yó. Àmọ́ kò ní ká ọwọ́ gbera. Inú agbada àlòkù tó gbé sábẹ́ òrùlé ni yóò ti gbin ata ní oṣù kejì, tí yóò máa bu omi díẹ̀díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, yóò hú u lọ sórí ebè ní ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn má baà pa á.

Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ni ó ń tẹ̀lé e. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀, nítorí náà a ń po iyanrìn gbígbẹ mọ́ ọn kí ó má baà hù pọ̀ lójú kan. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin a ti lè máa já a sọ́bẹ̀. Ti ewédú yàtọ̀. Èèpo rẹ̀ le, bí a bá sì fọ́n ọn bẹ́ẹ̀, ìba díẹ̀ ni yóò hù. Wọ́n á dì í sínú aṣọ, wọ́n á rì í bọ inú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìwọ̀n ìgbà tí a fi lè ka ení dé ẹẹ́wàá, wọ́n á yọ ọ́ kíá. Bí ó bá pẹ́ jù, ó ti di sísè nìyẹn!

Úgú, tí a kọ́ lọ́wọ́ àwọn ará ìlà-oòrùn, kò gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. A kì í sá èso rẹ̀ gbẹ rárá. Bí a bá ti yọ ọ́ nínú igbá rẹ̀ ni a ń gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà níbi tí yóò ti rí nǹkan gùn. Òun àti ìbẹ́pẹ ní akọ àti abo, a kò sì lè dá wọn mọ̀ títí wọn yóò fi tanná. Nítorí èyí, èso ìbẹ́pẹ mẹ́ta ni a ń fi sí ihò kan. Èyí tí òdòdó rẹ̀ bá gùn tó ń rọ̀ dirodiro, akọ ni. A ó gé e, a ó fi ẹyọ kan sílẹ̀ nínú ọgbà nítorí àwọn abo. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní wàhálà: ẹ gbin ọmọ rẹ̀ síbi tí omi ìfọbọ́ ń ṣàn sí, ó tán.

Ìjọba pàápàá ti bá òjò pàdé rí. Ní oṣù karùn-ún 1976, ìjọba Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ gbé Operation Feed the Nation kalẹ̀, wọ́n ní kí tilé-toko máa gbin nǹkan jíjẹ, wọ́n sì gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíga síṣẹ́ oko ní àkókò ìsinmi. Èrò náà dára, n kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ní agbègbè tiwa, àkọ́rọ̀ a ti lo bí oṣù méjì kí oṣù karùn-ún tó dé, tẹ̀tẹ̀ àkọ́kọ́ a sì ti kúrò nílẹ̀.

Tòmátì nìkan ni ìyá mi kì í bá àkọ́rọ̀ gbìn. Òjò oṣù kẹfà àti ìkeje máa ń jẹ́ kí ewé àti èso rẹ̀ rà. Yóò tọ́jú irúgbìn rẹ̀ sínú ìgò pẹ̀lú eérú díẹ̀, ó di àrọ̀kúrò.