Kọ̀ǹpútà Tuntun Tó Ń Dákú

Àwọn kan ti ń béèrè pé kí ló dé tí wọn ò rí nǹkan kà láti ọ̀dọ̀ mi fún oṣù méjì gbáko. Ara mi le, ẹ má mikàn. Kọ̀ǹpútà ni. Èmi àti ọmọ ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, la ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a sì fi ọwọ́ ara wa tò ó pọ̀ nínú yàrá ìkàwé mi. Inú wa dùn nígbà tó tàn. Ọjọ́ kẹta ló bẹ̀rẹ̀ sí í dákú.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe rí ìdí rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà kọjá ilé mi. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń kó iṣẹ́ ìwádìí pamọ́ sínú irú ẹ̀rọ báyìí, ohun tí ẹ̀rọ tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ sì lè ṣe sí iṣẹ́ yẹn burú ju kó kàn kú mọ́ yín lójú lọ. Màá dé ibẹ̀.

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà yìí jẹ́ ti ìdílé Ryzen 7000. Tí mo bá sọ pé ọpọlọ, ègé pẹlẹbẹ kékeré tó ń ṣe ìṣirò gan-an ni mò ń sọ, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CPU. Ní Nàìjíríà wa níbí, gbogbo àpótí la sọ ní CPU: "Ẹ bá mi gbé CPU yẹn sórí tábìlì." Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, bí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ṣe máa ń fẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń ṣàlàyé àìsàn ẹ̀rọ fún ẹni tó fẹ́ wò ó, ẹ jẹ́ kó mọ èyí tí ẹ ń sọ. RAM inú rẹ̀ jẹ́ ẹyọ mẹ́rin, 16GB ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkẹjà ni mo ti ra méjì. Ọmọ mi obìnrin mú méjì bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù nígbà Kérésì. Orúkọ tó wà lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò fi lẹ́tà kan yàtọ̀ síra. Mo ní tí méjì bá dára, mẹ́rin á dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìjayà àkọ́kọ́ ò tilẹ̀ kí ń ṣe àìsàn rárá. A tan ẹ̀rọ, fáànù ń yí, ojú rẹ̀ dúdú kirimú, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ń sún mọ́. Ọmọ náà ti na ọwọ́ sí wáyà kó yọ ọ́. RAM oríṣi DDR5 ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀rọ á máa dán ìwọ̀n àkókò oríṣiríṣi wò títí yóò fi mọ bó ṣe lè bá RAM sọ̀rọ̀, tí RAM bá sì pọ̀, ó máa ń pẹ́. Ẹ fi sílẹ̀, ẹ lọ jẹun.

Ohun tó wá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta nìyẹn jẹ́ àìsàn gidi. Ẹ rántí pé ní kíláàsì mi, kéèyàn ṣàpèjúwe kó tó ṣàlàyé ni òfin àkọ́kọ́. "Kọ̀ǹpútà ò ṣiṣẹ́" kì í ṣe àpèjúwe. Mo fún ọmọ náà ní ìwé àkọsílẹ̀ olójú-ìlà, mo ní kó máa kọ aago, ohun tí a ń ṣe lórí ẹ̀rọ, àti ohun tí ẹ̀rọ ṣe. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, a rí i pé ìṣe rẹ̀ pé oríṣi mẹ́rin. Nígbà mìíràn á gan: máòsì ò ní mira, ohùn tó ń jáde á máa tún ara rẹ̀ sọ bí akólòlò. Nígbà mìíràn á kú, á sì tún ara rẹ̀ tàn. Nígbà mìíràn ojú rẹ̀ á di búlúù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lára. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí èèyàn kì í kà sí: ohun tí a ṣí, bóyá Word, bóyá Praat, á kàn pòórá lójú, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á sì máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ tó ń hàn lórí búlúù yẹn la kọ sílẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́jọ́ kan, MEMORY_MANAGEMENT; lọ́jọ́ kejì, IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL; lẹ́yìn ìyẹn, PAGE_FAULT_IN_NONPAGED_AREA. Ẹni tó bá ń wá ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á rìn títí. Pé wọn kì í dúró sójú kan gan-an ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀sùn kan náà ni ẹ̀rọ ń fi kan ètò kan náà lójoojúmọ́, ètò yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Tí ẹ̀sùn bá ń yí padà, ilẹ̀ tí gbogbo wọn jọ dúró lé ni kí ẹ wò: iná, ooru, ọpọlọ, RAM.

Ẹ mọ ohun tí gbogbo ènìyàn sọ. NEPA! Aládùúgbò sọ ọ́, ìyàwó mi sọ ọ́, èmi náà gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n a lò ó lórí iná NEPA, a lò ó lórí jẹnẹrétọ̀, a lò ó lórí inverter, ó dákú lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì ni. A fi Linux sórí fláàṣì, a tan ẹ̀rọ láti ibẹ̀ láìfọwọ́ kan Windows, ó tún gan. Wọ́n ní ooru ni. Ọpọlọ náà ò kọjá 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius nígbà tó ń gan, bẹ́ẹ̀ 95 ni òpin tí wọ́n fún un.

Níbí ni mo ti fi owó ṣòfò. Ọmọ ọmọ mi ṣí ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ tí Windows máa ń kọ fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Event Viewer, ó pariwo pé, "Bàbá àgbà, ẹ wá wò ó!" Àmì pupa ló wà níbẹ̀, Kernel-Power, nọ́ńbà 41, bí ìgbà tí ẹ̀rọ dákú ṣe pọ̀ tó. Power ló kọ, àbí? Mo bá lọ ra power supply tuntun, olówó ńlá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a fi í sí i náà ló tún dákú. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ ènìyàn pé orúkọ nǹkan kì í ṣe nǹkan náà! Ohun tí nọ́ńbà 41 ń sọ kò ju pé nígbà tí Windows jí, ó rí i pé wọn ò pa òun bó ṣe yẹ. Ó dà bí ẹni tó jí tó bá ara rẹ̀ nílẹ̀: ó mọ̀ pé òun ṣubú, kò mọ ohun tó gbé òun ṣubú. Iná lè fà á, gbígan lè fà á, ẹni tó tẹ bọ́tìnnì pa pàápàá lè fà á.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ náà ṣe iṣẹ́ òru. Ó tún Windows fi sí i, ó yí BIOS padà sí tuntun, ó yọ RAM, ó tún un tò, ó sì ti ohun kan pa nínú BIOS tí kò rántí mọ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni ẹ̀rọ fi ṣe dáadáa. Inú rẹ̀ dùn. Mo bi í pé nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èwo ló wò ó sàn? Kò mọ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó tún bẹ̀rẹ̀, a sì padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Mo wá jókòó ti ọmọ náà, mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sórí bébà: igbá, igba, igbà. Igbá la fi ń bu omi, igba ni ọgọ́rùn-ún méjì, igbà ni a fi ń gun ọ̀pẹ. Báwo la ṣe mọ̀ pé ohùn ló ń ya ìtumọ̀ wọn sọ́tọ̀? Nítorí pé ohun gbogbo tó kù dúró, ohùn orí sílébù kejì nìkan ló yí. Ká ní mo fi igbá wé òkúta, ìtumọ̀ yàtọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé ohùn ló fà á. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò ti sọ èyí látàárọ̀?"

Láti ọjọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo là ń yí lẹ́ẹ̀kan. A lo Memtest86+, tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Orí fláàṣì lẹ ó fi í sí, ẹ ó sì tan ẹ̀rọ láti ibẹ̀. Kò nílò Windows. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó kọ nǹkan sí gbogbo ojú ilé inú RAM, kó padà kà á, kó wò ó bóyá ohun tó kọ náà ló bá. Tí kò bá bá a, á fi pupa kọ ọ́. Àṣìṣe kan péré ti pọ̀ jù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé "ẹyọ kan ò lè ṣe nǹkan." Ẹ sì fi sílẹ̀ sùn, torí àṣìṣe mìíràn kì í yọjú kó tó di òru.

Gbogbo ìgbà yẹn, 6000 ni eré tí RAM ń sá, ìyẹn ni pé 6000 mílíọ̀nù ìgbà ni nǹkan ń kọjá lórí wáyà kọ̀ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Pẹ̀lú ẹyọ mẹ́rin lórí 6000, kò tó ogún ìṣẹ́jú tí pupa fi yọ. A yọ méjì, a ku méjì ti Ìkẹjà, lórí 6000 náà: ó di òwúrọ̀, kò sí àṣìṣe. A yọ ìyẹn, a fi méjì ti Lọ́ńdọ̀nù sí ihò kan náà: kò sí àṣìṣe. A wá dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, a sì fà wọ́n wálẹ̀ sí 3600: ó tún di òwúrọ̀, kò sí àṣìṣe.

Ṣé ẹ rí i? Kò sí RAM kankan tó bàjẹ́. Ká ní mo gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe, tó yẹ̀ wọ́n wò ní méjì-méjì, á ní kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n, òótọ́ ló sì máa sọ. Àárín wọn ni àìsàn wà.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ọ̀nà méjì ni ọpọlọ fi ń bá RAM sọ̀rọ̀. Tí ẹyọ bá pé mẹ́rin, méjì-méjì ló ń pín ọ̀nà kan lò, bí ìgbà tí ẹni méjì bá jọ gbé etí sí tẹlifóònù lórí okùn kan: ohùn á rẹlẹ̀, ìró á máa ta padà. Tí ọ̀rọ̀ bá rọra ń bọ̀, wọ́n á gbọ́ ọ. Tó bá ń sáré, wọ́n á máa ṣì í gbọ́. Ìwé tó wà fún ọpọlọ ìdílé Ryzen 7000 sọ ọ́ kedere: 5200 fún ẹyọ méjì, 3600 fún ẹyọ mẹ́rin. 6000 tó wà lára páálí RAM jẹ́ ohun tí RAM lè sá tí ẹni tó ra á bá fúnra rẹ̀ tan ohun tí wọ́n ń pè ní EXPO nínú BIOS, tí ọpọlọ náà bá sì gbà. Ti RAM mìíràn, XMP ló ń jẹ́. Èmi ni mo tan án. Mo rò pé títan án ni mo fi máa gba ohun tí mo sanwó fún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn tó ń ta RAM máa ń dán ẹyọ tó wà nínú páálí kan wò pọ̀ ni. Páálí méjì tí orúkọ wọn bára mu kò tíì pàdé rí. Ẹ̀bi tèmi ni.

Kì í ṣe èmi nìkan. Raymond Chen, tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ní Microsoft, kọ ọ́ ní 2005 pé wọ́n ń rí ìròyìn kọ̀ǹpútà tó dákú níbi tí kò ti ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ dákú: àṣẹ tó kàn ń sọ nǹkan di òdo. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n mú sá kọjá ìwọ̀n agbára rẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn olówó ẹ̀rọ mìíràn ò sì mọ̀ rárá, torí ẹni tó tà á fún wọn ló ṣe é.

Báyìí mo dé ibi tó ń dùn mí. Fáìlì tí ẹ bá ń dà kọ láti ibì kan sí ibòmíràn, inú RAM ló ń gbà kọjá. Tí RAM bá ṣì í gbọ́, àṣìṣe yẹn ni wọ́n á kọ sílẹ̀, láìsí ariwo, láìsí búlúù. Wọ́n ti sọ fún mi pé DDR5 ń tún àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe. Inú ègé RAM fúnra rẹ̀ ló ti ń ṣe ìyẹn. Kò mọ̀ nípa ohun tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Nínú ohùn tí a gbà sílẹ̀, àṣìṣe kan lè dún "tá" bíńtín, etí lè má gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lórí àwòrán ìró nínú Praat, á dúró ṣánṣán bí ìgbà tí ètè bá ṣí fún kọ́ńsónáǹtì. Ẹni tí kò fura á kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé ó rí ohun tí olùsọ kò sọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, mo ti kó àwọn ohùn tí mo gbà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní 1979 láti inú dísìkì àtijọ́ wá sínú ẹ̀rọ tuntun. Mo fi àṣẹ certutil -hashfile yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn tí ara ẹ̀rọ ti yá: ó máa ń fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà gígùn, tí àyípadà bíńtín bá sì bá fáìlì, nọ́ńbà náà á yí pátápátá. Méjì ò bára mu. Mo tún wọn dà kọ láti inú dísìkì àtijọ́, ó parí. Ẹ̀kẹta ni ìṣòro. Kásẹ́ẹ̀tì ni, ẹ̀rọ tuntun yẹn ni mo gbà á sí tààrà, mo sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan. Nọ́ńbà ẹ̀dà méjèèjì ò dọ́gba, mi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, ó sì lè jẹ́ pé méjèèjì ló ní àbùkù. Nígbà tí mo fẹ́ tún un gbà, okùn kásẹ́ẹ̀tì já, ó sì fún mọ́ inú ẹ̀rọ.

Ìyá àgbà kan ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe pupuru, ó sì ń pe "gh" ní ọ̀pọ̀ ibi tí àwa ti ń pe "w", geere, láìmọ̀ pé ohun tí mo wá gbọ́ nìyẹn. Ní 1994, mo ṣe ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì yìí fún ẹni mẹ́rin nínú kíláàsì ẹ̀ka-èdè. Páálí funfun ni, mo fi gègé aláwọ̀ ewé kọ "Ìkálẹ̀ 7" sára rẹ̀. RAM méjì ló wà nínú kọ̀ǹpútà mi báyìí, kò sì tíì dákú mọ́. Tí ẹ bá wà nínú àwọn mẹ́rin yẹn, ẹ bá mi wo inú àpótí, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá yín pàápàá. Ẹ má gbìyànjú láti lù ú wò, ó ti gbó. Ẹ kàn kọ̀wé sí mi, màá wá gbà á fúnra mi.